OWÓ ILÉ-ÌWÉ GÍGA: IBI TÍ ÌRÀNWỌ́ WÀ, ÀTI OHUN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀ KÍ A TÓ TỌWỌ́ BỌ ÌWÉ

Ọdọọdún ni a máa ń pé jọ ní Kàdúná yìí, tí a máa ń rántí ilé, tí a sì máa ń gba ara wa níyànjú. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ṣókí lórí owó ilé-ìwé gíga, nítorí kò sí ìpàdé oṣù kan tí ẹnì kan kì í dìde kí ó ní, "Ọmọ mi ti rí ilé-ìwé wọ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí." Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. N kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì, n kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ohun tí mo rí, tí mo sì mọ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara mi.

Télọ̀ ni àbúrò mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni ó ní, ọ̀kan ni òun fúnra rẹ̀ ń lò, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń lo èkejì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí ilé-ìwé ìjọba kan wọ̀, inú gbogbo wa dùn. A gbọ́ pé ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ọmọ náà sì lọ sí ilé kọ̀ǹpútà láti kún fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí ó débẹ̀ ni wàhálà dé. Lórí ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Sulaimon, bí àwa Yorùbá ṣe ń pè é. Lórí NIN, Suleiman ni wọ́n kọ. Ní báńkì, Sulaiman ni. Ọmọ kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Kí ó tó tún ọ̀kan ṣe, kí ó tó lọ ti èkejì, àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìbéèrè ti kọjá, ilé-ìwé sì ní ẹni tí kò bá sanwó kò ní ṣe ìdánwò. Àbúrò mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ọmọ náà ṣe ìdánwò, ó sì yege, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹ̀rọ kan ni bàbá rẹ̀ ń lò. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́tà méjì péré ló ta ẹ̀rọ yẹn. Nítorí ẹ̀rọ náà ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìrànwọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tún ilé ṣe kí ìrànwọ́ tó dé ni ó ń rí i gbà.

1. ORÍṢI ÌRÀNWỌ́ TÓ WÀ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń da gbogbo owó ìrànwọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí.

Èkíní ni sikọ́láṣíìpù. Ẹ̀bùn ni èyí, a kì í dá a padà. Àwọn tí máàkì wọn dára ni wọ́n sábà máa ń fún. Ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka kan ní Àbújá tí à ń pè ní Federal Scholarship Board. Àjọ PTDF náà máa ń ran àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni náà kò gbẹ́yìn. Bí àpẹẹrẹ, MTN Foundation máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìjọba, àwọn tó ti dé ọdún kẹta tí máàkì wọn kò sì dín ní 3.5. Ẹ ò rí i pé irú èyí kì í ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Nítorí náà, ọmọ tó wà ní ọdún kìíní lónìí ní láti máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ọdún kẹta tó dé bá a.

Èkejì ni bọ́sárì. Ẹ̀bùn ni òun náà, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń fúnni, ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n sì sábà máa ń fún. Ibí ni ọ̀rọ̀ àwa tí a wà ní òkè ọya ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó wà nílé. Ọmọ tí a bí sí Kàdúná, tó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tí ó ń sọ èdè Hausa bí ẹni pé inú rẹ̀ ni a bí i sí, ìwé ìjọba ṣì ń pè é ní ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀ṣun, ọmọ Kwara tàbí ọmọ Kogí. Bọ́sárì ibí kò kàn án. Bọ́sárì ilé ni tirẹ̀, kò sì ní rí i gbà láìsí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní indígínì. Mélòó nínú wa ló ti gba ìwé yìí fún ọmọ rẹ̀? Bí a bá lọ sílé fún ọdún tàbí fún òkú, aṣọ ẹbí ni a máa ń rántí, a kì í rántí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa rántí rẹ̀. Ìrìn àjò kan lè ṣe iṣẹ́ méjì.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó tí a yá ni, a ó sì san án. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé dáadáa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ wa lè rí gbà, yálà máàkì wọn ga tàbí kò ga.

2. ẸGBẸ̀FÀ ÀNÁ

Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Students Loans Board. Àwọn àgbà inú wa tó lọ sí ilé-ìwé gíga lásìkò yẹn lè rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yáwó, wọ́n sì fi kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò san án. Ní 1993, ìjọba gbé báńkì ètò ẹ̀kọ́ kan dìde láti rọ́pò rẹ̀, ìyẹn Nigerian Education Bank, ṣùgbọ́n báńkì náà kò rìn jìnnà. Àwọn baba wa ní, ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Igi tí àwọn kan bẹ́ dínà nígbà náà, àwọn ọmọ wọn ló kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ tálákà kò rí ibi yá owó ilé-ìwé mọ́ àfi lọ́wọ́ olówó èlé ṣogúndogójì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinúubú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Òfin yẹn le púpọ̀. Ó ní owó tó ń wọlé fún ìdílé ọmọ náà kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, ó sì ní kí ọmọ wá onídùúró méjì, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele 12. Èwo nínú àwa ẹlẹ́rọ ìránṣọ àti aláṣọ ọjà ló mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ méjì tí yóò dúró fún ọmọ rẹ̀? Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, ìjọba sì tún òfin náà kọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí èyí tí wọ́n tún ṣe. Òfin yìí mú ọ̀rọ̀ iye owó ìdílé kúrò, ó sì mú ọ̀rọ̀ onídùúró kúrò. Àjọ tó ń mójú tó o ni Nigerian Education Loan Fund, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NELFUND. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n ṣí ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, tí ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ohun kan wà nínú òfin náà tó yẹ kí inú wa dùn sí níhìn-ín. Òfin ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ipò, àbùkù ara, tàbí pé ẹnì kan jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, dù ú ní ẹ̀tọ́ yìí. Ohun tí bọ́sárì ìpínlẹ̀ kò lè ṣe fún ọmọ wa, ẹ̀yáwó yìí lè ṣe é. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì tó.

3. TA LÓ LÈ GBÀ Á, KÍ SÌ NI WỌ́N Ń SAN?

Ilé-ìwé gíga tí ó jẹ́ ti ìjọba nìkan ni ètò yìí wà fún, ìbáà ṣe yunifásítì, pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Ní tòsí wa níbí, Ahmadu Bello University ní Zaria, Kaduna Polytechnic, Kaduna State University àti Federal University of Education ní Zaria, ti ìjọba ni gbogbo wọn. Yunifásítì aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Kí òbí tó bá ń yan ilé-ìwé fún ọmọ mọ èyí kí ó tó sanwó àkọ́kọ́.

Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà wọlé. Èkíní ni owó ilé-ìwé. NELFUND kì í fi èyí lé ọmọ lọ́wọ́. Àkáǹtì ilé-ìwé ni wọ́n ń san án sí tààrà. Èkejì ni owó ìtọ́jú, ìyẹn owó oúnjẹ àti ọkọ̀. Èyí ni wọ́n ń san sí àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 2024, 20,000 náírà lóṣù ni iye tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kò pọn dandan kí ọmọ gba owó ìtọ́jú. Ó lè ní owó ilé-ìwé nìkan ni òun fẹ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà: méjèèjì ni ẹ̀yáwó. Mo ti gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ pé owó ilé-ìwé ni gbèsè, pé 20,000 jẹ́ "ohun tí ìjọba fi ń ṣe wá lóore." Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

4. BÍ A ṢE MÁA SAN ÁN

Ẹ̀yáwó yìí kò ní èlé. Iye tí ọmọ bá yá ni yóò san, kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e. Àwọn Mùsùlùmí inú wa tó ń béèrè bóyá ribá wà níbẹ̀, ìdáhùn nìyẹn.

Òfin kò ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í san án lọ́jọ́ tó jáde. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí ìsìn agùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó bá ríṣẹ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀, yóò sì máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Òun náà yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lára ohun tó ń wọlé fún un. Bí ẹni tó yáwó bá kú, òfin fi àyè sílẹ̀ fún àjọ náà láti dárí gbèsè jì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú kàn wò. Ká ní owó ilé-ìwé ọmọ kan jẹ́ 60,000 náírà lọ́dún, tó sì lo ọdún mẹ́rin. Iyẹn jẹ́ 240,000 náírà. Ká ní ó tún ń gba 20,000 náírà fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Iyẹn jẹ́ 200,000 lọ́dún, ó sì di 800,000 ní ọdún mẹ́rin. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, gbèsè rẹ̀ jẹ́ 1,040,000 náírà.

Wàyí o, ká ní iṣẹ́ tó rí ń san 70,000 náírà lóṣù, èyí tí òfin ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 7,000. Bí owó ilé-ìwé nìkan ló yá, yóò san án tán kí ọdún mẹ́ta tó pé. Bí ó bá gba owó ìtọ́jú pẹ̀lú, yóò lé ní ọdún méjìlá kí ó tó san án tán. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ 150,000, gbèsè méjèèjì yóò gbà á ní bí ọdún mẹ́fà.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè kàwé, ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé 20,000 yẹn ni kò jẹ́ kí ó sá kúrò ní ilé-ìwé. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà á, kí ó fi jẹun, kí ó fi kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òbí rẹ̀ ń fún lóúnjẹ, tó ń gba 20,000 láti fi ra dátà àti bàtà, òun àti gbèsè ọdún méjìlá ni yóò jọ gbé. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó, kí wọ́n fi bírò ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, kí ọmọ tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni lórí fóònù.

5. ÌWÉ TÍ A GBỌ́DỌ̀ TÚN ṢE KÍ ÌGBÀ TÓ TÓ

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: nọ́ńbà JAMB, ìwé ìgbaniwọlé, nọ́ńbà mátíríìkì fún ẹni tó bá ti ní i, NIN, BVN àti àkáǹtì báńkì tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dá ọmọ dúró ni pé àwọn ìwé wọ̀nyí kì í sọ ohun kan náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n lóde òní, kọ̀ǹpútà náà ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe tò ó. Ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí òun ló ṣòro jù láti yí padà. Bí orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ó wà níbi gbogbo. Ọmọ tí kò bá tíì ṣe WAEC, ẹ yẹ NIN rẹ̀ wò kí ilé-ìwé girama tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni NIN. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe bí ó bá yàtọ̀, nítorí inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ. Ìforúkọsílẹ̀ NIN jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe ń gba owó, àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló sì wọ́n jù. Lẹ́yìn NIN ni kí ẹ lọ sí báńkì fún BVN, kí ẹ mú ìwé tó fi hàn pé NIN ti bá ti WAEC mu dání. Ẹni tó bá lọ sí báńkì kí ó tó tún NIN ṣe, ó lè di pé ó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo Sulaimon àti Suleiman, Rasheed àti Rashidi, Sherifat àti Sharifatu. Ẹ wo orúkọ wa tó gùn, tí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ń gé ní ìdajì. Ẹ wo ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá níbì kan, tó ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá níbòmíràn. Àwa tí a ń gbé láàárín èdè méjì, tiwa ló yẹ kí ó ká wa lára jù.

6. BÍ A ṢE Ń BÉÈRÈ

Ìkànnì àjọ náà ni nelf.gov.ng. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti forúkọ sílẹ̀, tí yóò fi NIN, JAMB àti BVN rẹ̀ hàn, tí yóò yan ilé-ìwé rẹ̀, tí yóò sì sọ bóyá owó ilé-ìwé nìkan ni ó fẹ́ tàbí méjèèjì. Ó lè ṣe é lórí fóònù. Kò sanwó fún fọ́ọ̀mù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá yín "sáré ṣe é," ẹ sá fún un. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín. Bí ẹ bá kún fọ́ọ̀mù ní ilé kọ̀ǹpútà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí ó sì rí i pé òun jáde kúrò lórí ẹ̀rọ náà kí ó tó dìde.

Kò tán síbẹ̀. Ilé-ìwé ni yóò fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND kí wọ́n lè mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ náà wà níbẹ̀. Bí ilé-ìwé kò bá tíì ṣe é, fọ́ọ̀mù ọmọ kò ní lọ síwájú, bó ti wù kí ó pé tó. Nítorí náà, kí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó béèrè bóyá orúkọ òun ti lọ, àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọdọọdún ni a ń béèrè. Ẹni tó gbà á lọ́dún kìíní ní láti tún béèrè lọ́dún kejì. Wọ́n sì máa ń ti ìkànnì fún ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ọmọ máa wò ó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Bí owó bá ti wọlé, kí ọmọ béèrè iye tó jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ ICPC bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀sùn pé àwọn ilé-ìwé kan ń yọ lára owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni pé òun ni yóò san gbèsè yẹn, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti mọ ibi tó lọ. Bí òbí bá ti sanwó kí ti NELFUND tó dé, kí wọ́n lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú rìsíìtì, kí wọ́n ní kí wọ́n dá owó padà, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Kí wọ́n gba ìwé lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

7. ÈYÍ TÓ KAN ẸGBẸ́

Nígbà tí owó ilé-ìwé ìjọba kò tó nǹkan, ẹgbẹ́ lè dákẹ́. Nǹkan ti yí padà. Ní ọdún 2023, Yunifásítì Èkó kéde pé ẹni tó ń san 19,000 náírà yóò máa san ju 100,000 lọ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gé díẹ̀ kúrò. Èkó nìkan kọ́. Àjọ àti èsúsú wa kò lè gbé gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe wà, kò sì gba owó púpọ̀. Mo dábàá mẹ́ta. Èkíní, kí a yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti gba ẹ̀yáwó yìí, kí wọ́n máa jókòó fún wákàtí kan ṣáájú ìpàdé oṣù, kí ẹni tó bá ní ìṣòro lè gbé ìwé rẹ̀ wá. Èkejì, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wọn kò tíì sí, kí àwọn tó ń lọ sílé fún ọdún lè bá àwọn aládùúgbò wọn béèrè bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ya owó kékeré sọ́tọ̀, kì í ṣe fún owó ilé-ìwé, bí kò ṣe fún àtúnṣe NIN. Owó díẹ̀ tó wọlé lásìkò lè ṣe ohun tí owó púpọ̀ kò lè ṣe nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ti tì.

Ká ní irú owó bẹ́ẹ̀ wà nígbà ti ọmọ àbúrò mi, ẹ̀rọ méjì ni ìbá ṣì máa dún ní ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ kó ìwé ọmọ yín jáde. WAEC, NIN, ìwé báńkì. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kí ó pe ọmọ kí ó kà á sókè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ yá a bí ó bá pọn dandan, ẹ fi kàwé, ẹ sì san án. Àwọn àbúrò yín ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má ṣe bẹ́gi dínà wọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a kọ́ ọmọ yege, kí ọmọ sì padà wá tọ́jú ẹni tó kọ́ ọ. Àṣẹ.